Ìkòkò Elájere fún Edé Bíbọ̀ Alápapọ̀: Àyẹ̀wò láti Àjàṣẹ́

Ìkòkò alumíníọ́mù ńlá tí ajere wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń tà báyìí pẹ̀lú àpò èròjà kan àti ìwé ìlànà kékeré tí a fi èdè Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì kọ, yẹ ní rírà fún ilé tí èrò bá ti ń pọ̀ nídìí oúnjẹ. Àpò èròjà tó wà nínú rẹ̀ kò yẹ, ìwé ìlànà náà kò sì mọ irú àgbàdo tí à ń jẹ níhìn-ín rárá. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá gbà láti ta ìkòkò náà láìsí àpò, kí ẹ̀yin náà gbà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì fi owó tó ṣẹ́kù ra edé kún edé.

Oúnjẹ tí wọ́n ṣe ìkòkò yìí fún jẹ́ ti àwọn ará etíkun ní gúúsù Amẹ́ríkà. Edé, àgbàdo, ọ̀dùnkún àti sọ́séèjì alééfín ni wọ́n máa ń bọ̀ pọ̀ nínú omi kan ṣoṣo tí wọ́n ti fi iyọ̀, ata àti ewé olóòórùn sí. Bí ó bá ti jinná, wọn a sẹ́ omi rẹ̀ dànù, wọn a da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì tí wọ́n tẹ́ ìwé ìròyìn lé, oníkálukú a sì máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ bó edé jẹ. Ní South Carolina, wọ́n ń pè é ní Frogmore Stew, nítorí Frogmore tó wà ní erékùṣù St. Helena, níbi tí àwọn Gullah, àtìrandíran àwọn tí a kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ṣì ń gbé di òní. Ní Louisiana, edé odò alápá ńlá tí wọ́n ń pè ní crawfish ló gbajúmọ̀ jù nínú irú ìkòkò bẹ́ẹ̀, ata wọn a sì máa mú gan-an. Ẹni tí a tọ́ dàgbà sí etí ọ̀sà Àjàṣẹ́ kò ní rí ohun àjèjì nínú rẹ̀ bí kò ṣe sọ́séèjì, nítorí edé àti àgbàdo ti wà lójú wa láti ìgbà tí a ti dáyé.

Èyí tí mo rà lójú ọ̀nà Ouando máa ń gba omi lítà 20 bí ó bá kún dé ẹnu. 24,000 sẹ́fà ni wọ́n tà á fún mi pẹ̀lú àpò èròjà rẹ̀ lẹ́yìn tí a ti nájà díẹ̀. Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é. Alumíníọ́mù rẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti ìkòkò tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wa máa ń fi alumíníọ́mù àlòkù tí wọ́n yọ́ ṣe lọ, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, ó sì tètè ń gbóná. Ajere inú rẹ̀ ni wọ́n lu ihò sí yí ká àti nísàlẹ̀, ihò náà kò sì tóbi débi tí edé kékeré yóò fi bọ́ gba ibẹ̀ jáde. Láàárín ìdí ajere àti ìdí ìkòkò, àyè bí ìka ọwọ́ méjì wà, nítorí náà kò sí ohun tí yóò jóná mọ́ ìdí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ìkòkò ni wọ́n ti gbẹ́ ibì kan tí ìkọ́ ara ajere lè sinmi lé, kí ẹni tó bá gbé e sókè má baà gbé e lọ́wọ́ títí omi yóò fi ro tán. Ìkọ́ kékeré yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀, mo sì gbà pé ẹni tó ronú kàn án ti se oúnjẹ fún èrò rí.

Ìdí tí ajere fi ṣe pàtàkì ni pé edé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Edé tí kò tóbi jù máa ń jinná nínú omi híhó láàárín ìṣẹ́jú 2 sí 3. Nínú ìkòkò tí kò ní ajere, ẹni tó ń se oúnjẹ ní láti máa fi ìgbakọ ṣa edé kìlò 2 láàárín àgbàdo, isu àti àlùbọ́sà, nígbà tí yóò bá fi kan èyí tó wà nísàlẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ bù ti rọ̀ dáadáa, èyí tó kẹ́yìn sì ti le bí rọ́bà. Ọ̀nà kejì ni kí ènìyàn gbé odindi ìkòkò omi gbígbóná kí ó sì dà á sínú asẹ́, ohun tí ń kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe nínú ilé tí ọmọdé bá ti ń sáré kiri. Pẹ̀lú ajere, gbogbo edé ló wọ omi pọ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì jáde pọ̀. Owó tí mo san, nítorí ìṣẹ́jú kan yẹn ni.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti jinná kò le. Edé tútù máa ń ní àwọ̀ eérú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ gaara; bí iná bá ti ràn án, ó di pupa, ara rẹ̀ a sì funfun. Àwọ̀ pupa náà ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ purotéènì kan ló dì í mú tí ojú wa kò fi rí i, ooru iná ló ń tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àwọ̀ nìkan, nítorí èèpo máa ń pupa kí inú tó jinná. Ẹ wo bí ó ṣe ká. Edé tó ká díẹ̀ tí ìrù rẹ̀ ṣì jìnnà sí orí ti tó jẹ. Èyí tí ìrù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọrùn ti pẹ́ jù nínú omi. Ìwé ìlànà tó bá ìkòkò yìí wá ní kí a fi edé sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 8. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e yóò jẹ èèpo àti ara pọ̀ láìmọ ìyàtọ̀.

Edé gan-an ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀, a kì í sì í fi oníjà sílẹ̀ kí a gbájú mọ́ alápẹpẹ. Ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti ọ̀sà Nokoué so pọ̀ mọ́ra, omi òkun sì ń gba Kútọnu wọ inú wọn. Iye iyọ̀ tó wà nínú omi ló ń sọ irú edé tí a ó rí lọ́jà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi òkun bá ń wọlé, edé òkun tó wá dàgbà nínú ọ̀sà máa ń pọ̀, ara rẹ̀ a sì dùn. Bí àkúnya odò Ouémé bá dé ní nǹkan bí oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá, omi ọ̀sà a di aláìníyọ̀, irú edé yẹn a sì wọ́n gógó. Edé odò, èyí tó ní apá gígùn, ni àwọn obìnrin Aguégués, àwọn abúlé orí omi nítòsí Àjàṣẹ́, máa ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá. Edé odò yìí náà dára nínú ìkòkò yìí, àmọ́ bí ó bá tóbi, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú 4 sí 5, kí ẹ sì rántí pé orí rẹ̀ ló wúwo jù: ẹni tó bá ra kìlò 1 kò rí ẹran tó bí ti edé òkun.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ wà lára rẹ̀, kí ẹ sì fi ọwọ́ mú orí náà díẹ̀. Bí ó bá ń yọ kúrò lọ́rùn, tàbí tí orí rẹ̀ ti dúdú, tí òórùn rẹ̀ sì ń ta sí imú bí ìtọ̀, ẹ kọjá lọ, ohun yòówù kí owó rẹ̀ jẹ́. Èròjà inú orí edé máa ń jẹ ẹran ara rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti kú, ìdí nìyẹn tí edé tó wà nínú oòrùn láti àárọ̀ fi máa ń rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ bí a tilẹ̀ ṣe é dáadáa. Yìnyín ni oògùn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti oníyàngà lásán, nítorí ní ọdún 2003, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀ dá edé tó ń tà sí Yúróòpù dúró lẹ́yìn tí àwọn olùyẹ̀wò Yúróòpù ti ní ìmọ́tótó ibi tí a ti ń tọ́jú rẹ̀ kò tó. Ìyá kan tí mo sábà máa ń ra edé lọ́wọ́ rẹ̀ a máa bò ó mọ́ abẹ́ yìnyín nínú ike, yóò sì sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, èyí tí mo kó síta yẹn, ti ọbẹ̀ ni, tìrẹ ń bẹ nísàlẹ̀." Ẹ wá irú ìyá bẹ́ẹ̀ kí ẹ tó wá ìkòkò.

Nílé, ẹ má ṣe bó o. Èèpo ló ń dáàbò bo ara rẹ̀ nínú omi, òun náà ló sì ń fún omi ní adùn. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì la ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fa ìfun dúdú yọ, kí ẹ gé irùngbọ̀n gígùn rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fi omi tútù ṣàn án lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gba edé tàbí akàn kò gbọ́dọ̀ jẹ ohunkóhun nínú ìkòkò yìí, títí kan àgbàdo rẹ̀, nítorí omi kan náà ló wọ gbogbo wọn.

Iná ni ibi tí ìwé ìlànà náà ti kọ́kọ́ fi hàn pé kò mọ̀ wá. Ó ní kí a bu omi lítà 12 sí i kí a sì jẹ́ kó hó, bí ẹni pé gbogbo ilé ló ní iná gáàsì ńlá tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń gbé síta gbangba fún irú oúnjẹ yìí. Lórí ojú iná kan lára gáàsì ilé, omi tó tó bẹ́ẹ̀ máa ń ju ìdajì wákàtí lọ kí ó tó hó, ẹni tó bá sì ń lo ìgò gáàsì kìlò 6 yóò máa fi ojú ṣọ́ ìgò rẹ̀ pẹ̀lú ìfòyà. Omi lítà 8 ti tó fún edé kìlò 2 àti ohun tó bá a rìn, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti bo orí ohun tó wà nínú ajere. Èmi fẹ́ràn àdògán ńlá ju gáàsì lọ fún iṣẹ́ yìí, nítorí ìdí ìkòkò náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì jókòó sórí rẹ̀ láìmì. Àmọ́ èédú kì í tètè gbé omi padà sí híhó lẹ́yìn tí a bá kó ohun tútù sí i. Nítorí náà, ẹ dé ọmọrí, kí ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú títí omi yóò fi hó padà. Edé nìkan ni òfin yìí kò kàn. Fún edé, láti ìgbà tó bá ti wọ omi ni kí ẹ ti máa wò ó, kí ẹ sì má kúrò nídìí rẹ̀.

Àgbàdo ni ibi kejì. Ìwé náà ní kí a fi àgbàdo sí i ní ìṣẹ́jú 5 kí edé tó wọlé, lẹ́yìn tí ọ̀dùnkún bá ti fẹ́ jinná. Àgbàdo aládùn àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń sọ, èyí tó rọ̀ tí ènìyàn tilẹ̀ lè jẹ ní tútù. Àgbàdo tí a fi ń ṣe ẹ̀kọ, tí à ń bọ̀ tí a sì ń fi àgbọn jẹ ní ìgbà òjò, kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ń gba ìdajì wákàtí bí ó bá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó sì lè tó ìṣẹ́jú 45 bí hóró rẹ̀ bá ti ń le. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ìwé náà ní Àjàṣẹ́ yóò gbé àgbàdo aláìjinná fún àlejò, bí ó bá sì dá a padà sínú omi pẹ̀lú edé, edé ti bàjẹ́ nìyẹn. Ní tiwa, àgbàdo ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ìkòkò, kódà kí omi tó hó. Bí ó bá ti lo bí ogún ìṣẹ́jú lórí iná ni ohun mìíràn tó tẹ̀ lé e. Ẹ dá a sí méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó wọ ajere, nítorí odindi àgbàdo máa ń gbé ara rẹ̀ dábùú, edé kò sì ní ríbi jókòó.

Ọ̀dùnkún kò burú, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ lọ́jà wa ń ti òkèèrè wá, ó sì wọ́n. Isu dára jù ú lọ. Láàbókò, isu tí àwọn ará Sábẹ̀ àti àwọn ará òkè mọ̀ dáadáa, máa ń gba iyọ̀ àti ata inú omi náà sára láìfọ́, bí a bá gé e ní ìṣù tó nípọn bí àtàǹpàkò. Kúkúndùnkún ń fọ́, adùn rẹ̀ sì ń bá ti edé jà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ ilé mi kò gbà fún mi lórí èyí. Ní ti sọ́séèjì, ilé tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lè lo ti ẹran màlúù, tàbí kí wọ́n ge adìyẹ tí a yan sí i. Ohun tí oúnjẹ náà ń wá lọ́dọ̀ sọ́séèjì ni èéfín àti ọ̀rá díẹ̀. Bí ẹ bá rí akàn tútù, ẹ là á sí méjì, kí ẹ fi sí i ní bí ìṣẹ́jú 10 kí edé tó wọlé.

Mo wá dé orí àpò èròjà. Òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé nínú kíkọ èròjà sára oúnjẹ ni pé ohun tó bá pọ̀ jù ló ń ṣáájú, iyọ̀ ló sì ṣáájú lára àpò yìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ata pupa tí kò ta, áyù lílọ̀ àti ohun kan tó ń fún un ní àwọ̀. Ní Amẹ́ríkà, èròjà irú oúnjẹ yìí ní ìtàn. Old Bay, tí gbogbo ilé mọ̀ ní agbègbè Baltimore, Gustav Brunn, Júù kan tó sá kúrò ní Jámánì, ló dá a sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1939, ewé àti hóró olóòórùn oríṣiríṣi ló sì wà nínú rẹ̀. Àpò tí a fún wa yìí kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dà á sínú omi tán, omi pọ́n, ó sì ní iyọ̀, ó parí. Kò sí òórùn tó jáde láti inú ìkòkò tó lè mú aládùúgbò bèèrè ohun tí à ń sè. Ó kù díẹ̀ káàtó, ó sì kù púpọ̀.

Ohun tó wà ní ọjà Ouando tàbí ní Àjàrá tó, ó sì ṣẹ́kù. Fún omi lítà 8, mo máa ń da iyọ̀ bí 100 gíráàmù sí i, mo máa ń la orí áyù méjì láìbó o, mo máa ń gé àlùbọ́sà ńlá mẹ́ta sí mẹ́rin-mẹ́rin, mo sì máa ń fọ́ atalẹ̀ tó tó àtàǹpàkò méjì. Lẹ́yìn náà ni ata gbígbẹ gígún, ṣíbí ìjẹun mẹ́ta fún ilé tí ọmọdé wà. Iyèré lílọ̀ ṣíbí kan àti eèrù mẹ́rin tí a fọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ tí hóró olóòórùn àwọn ará Amẹ́ríkà ń ṣe, kanafùrù sì ni kí ẹ ṣọ́ra fún: hóró mẹ́fà ti tó, nítorí bí ó bá pọ̀ jù, oúnjẹ a máa rùn bí oògùn eyín. Ewé lọ́ríyè (bay leaf) márùn-ún, tí kò wọ́n lọ́wọ́ àwọn tó ń ta èròjà, ló kẹ́yìn. Mo máa ń jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ hó pẹ̀lú àgbàdo láti ìbẹ̀rẹ̀, kí omi náà ti jẹ́ omi ọbẹ̀ kí edé tó dé inú rẹ̀, nítorí ìṣẹ́jú 3 kò tó fún edé láti gba adùn lọ́wọ́ omi tí kò ní i. Àwọn ará Louisiana ní ọgbọ́n kan tó wúlò níbí: wọ́n máa ń pa iná, àwọn kan a tilẹ̀ da yìnyín sí i kí omi lè rọlẹ̀, wọn a wá fi oúnjẹ náà sílẹ̀ kí ó mu omi ata yẹn. Pẹ̀lú èédú, a kò lè pa iná bẹ́ẹ̀, àmọ́ a lè sọ ìkòkò kalẹ̀ kété tí edé bá bẹ̀rẹ̀ sí í pupa, kí a bu omi tútù ife mẹ́ta sí i, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí a tó fi ajere kọ́.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ pátápátá sí ìwé ìlànà náà ni ti omi tó ṣẹ́ kù. Ó ní kí a dà á nù. Omi tí orí edé, áyù, iyèré àti àgbàdo ti bọ́ sí fún bí wákàtí kan! Ẹni tó bá da irú omi yẹn sí gọ́tà ní Àjàṣẹ́, ìyá ọkọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Ajere ló jẹ́ kí omi náà wà ní mímọ́ nínú ìkòkò lẹ́yìn tí oúnjẹ ti jáde, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọbẹ̀ tòmátì tí a ti dín bá a pò, kí ẹ sì fi ro amíwó, ìyẹn òkèlè ìyẹ̀fun àgbàdo. Kí ẹ kíyè sí iyọ̀ rẹ̀: apá kan omi edé sí apá méjì omi lásán ni mo máa ń lò, ń kò sì í fi iyọ̀ mìíràn kún un. Amíwó tó bá jáde láti inú rẹ̀ dára ju èyí tí a fi omi adìyẹ rò lọ, mo sì mọ̀ pé àwọn kan yóò bá mi jiyàn.

Bọ́tà yíyọ́ ni àwọn tó ni oúnjẹ yìí máa ń fi edé tọ̀. Mọ̀yọ̀ ni èmi ń lò, èyí tí àwọn ilé Àgùdà ní Àjàṣẹ́ kì í fi ṣeré: tòmátì àti àlùbọ́sà tútù tí a gé wẹ́wẹ́, ata tútù, òróró díẹ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Ọ̀rá bọ́tà máa ń dì sí ẹnu nígbà tí edé bá tutù, mọ̀yọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àkàsà tútù a máa bá a lọ dáadáa fún ẹni tí isu kò bá tó. Ní ti ìwé ìròyìn tí wọ́n ń tẹ́ sórí tábìlì, tàdáwà kì í ṣe èròjà ọbẹ̀. Ẹ tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú àwo fẹ̀ǹfẹ̀ kan kí ẹ sì da gbogbo rẹ̀ lé e.

Ọsàn wẹ́wẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nínú ìkòkò yìí. Alumíníọ́mù kì í fẹ́ ohun kíkan, pàápàá nígbà tí iyọ̀ bá pọ̀ nínú omi. Bí a bá fún ọsàn sínú omi láti ìbẹ̀rẹ̀ tí ó sì ń hó títí, inú ìkòkò a máa dúdú, omi náà a sì ní ìtọ́wò irin. Ẹ fún ọsàn sórí oúnjẹ lẹ́yìn tó bá ti jáde, ẹ má sì fi omi edé sílẹ̀ sínú ìkòkò mọ́jú. Ọṣẹ àti kànrìnkàn lásán ti tó láti fọ̀ ọ́, ihò ajere nìkan ló ń fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì kékeré.

Àléébù gidi tí mo rí lára rẹ̀ ni etí ajere. Wáyà tí a tẹ̀ ni, ó máa ń gbóná tó omi inú ìkòkò, wọn kò sì fi igi tàbí rọ́bà bò ó. Aṣọ tí a ká ní ìlọ́po mẹ́rin ló ń gbà á. Èyí tó burú jù ni pé ọ̀kan nínú àwọn ìṣó tó di etí ti èmi mú bẹ̀rẹ̀ sí í jì nígbà tí ajere kún fún isu àti àgbàdo, nígbà tí mo sì gbé e padà lọ, ẹni tó tà á fún mi ní ìkòkò ni òun tà, òun kò ta ìṣó. Alágbẹ̀dẹ kan ní àdúgbò ló fi ìṣó tó nípọn pààrọ̀ méjèèjì fún mi ní 1,000 sẹ́fà, láti ìgbà náà kò sì mì mọ́.

Fún ilé tí kò ju ènìyàn mẹ́rin lọ, ìkòkò yìí tóbi jù, ó sì ń jẹ iná lásán. Irú rẹ̀ tó ń gba lítà 12 wà, ẹni tí kò bá sì fẹ́ ra tuntun lè gbé asẹ́ onírin tó ní etí méjì sínú ìkòkò tó ti wà nílé, kí ó ṣáà rí i pé ẹnu ìkòkò gbà á àti pé ìdí rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Fún ìsìnkú, ìkómọjáde tàbí ọjọ́ tí àwọn ẹbí bá ti Kétu àti Sábẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá, lítà 20 kò pọ̀ jù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ajere jáde níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ kó ohun tó wúwo tó kìlò 6 sínú rẹ̀, kí ẹ gbé e sókè kí ẹ sì fi kọ́ sí ẹnu ìkòkò fún ìgbà díẹ̀. Bí ìṣó bá jì tàbí tí ìkọ́ bá yọ̀, ẹ ní kó gbé òmíràn wá.